Ikú Oyèlékè, Télọ̀ Omi

Ẹtì, 13 Òkúdù

Orí kìíní Ìwé Kejì ìtàn mi ti lọ sórí Wásáàpù. Motọ́lání ọ̀rẹ́ mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. A jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn yàrá tí a ti ń ṣe Kẹ́mísírì, òjò ṣú, kò rọ̀. Ó ní, "Fàthíà, tí o bá tún ní kí n dúró díẹ̀, inú gọ́tà ni fóònù yìí ń lọ." Kí n tó dáhùn, ó ti tẹ̀ ẹ́.

Ìwé Kìíní kò dẹ́rù bà mí báyìí. Nígbà yẹn mi ò tíì wọ yunifásítì, ilé ni mo wà, mo kàn ń sọ ìtàn Ìlú Abẹ́ Ọ̀sà sínú fóònù fún Motọ́lání nìkan. Òun ló lọ dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí Wásáàpù. Kò sẹ́ni tó ń retí ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ní báyìí gúrúùpù náà ti kún, a ti ṣí òmíràn, àwọn tí mi ò rí rí ń pè mí ní Ọmọ Ọ̀sà, wọ́n sì ti ń dúró láti ìgbà ọyẹ́.

Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, mo wo àwọn bílọ́ọ̀kù Jakande tí a ń gbé láti ọ̀ọ́kán. Wọ́n dúró sínú ìkùukùu bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Mo rò ó pé lọ́jọ́ tí omi bá dé, gbogbo wa máa ṣí lọ pẹ̀lú aṣọ tí a sá sórí okùn.

Àbámẹ́ta, 14 Òkúdù

Wọ́n ti gbọ́ ọ. Akíntáyọ̀, tó máa ń ṣàlàyé ìtàn mi fún mi bí ẹni pé òun ló kọ ọ́, ní òun ti mọ ẹni tó ya omi tó wà lókè ìlú náà bí ẹni ya aṣọ. Irọ́ ni. Èmi gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, tó ń ta ìpara ní Àgọ́ Palace, tó sì máa ń tan ohùn mi sókè fún àwọn oníbàárà rẹ̀, sọ pé: "Ọmọ Ọ̀sà, o kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n Ìwé Kìíní dùn ju èyí lọ."

Àwọn mìíràn yìn ín. Mi ò rántí ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sọ. Ti Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni mo fi jẹun àárọ̀, òun ni mo fi wẹ̀, òun ni mo fi kírun. Bóyá ìtàn kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, mo sì ti sọ ọ́ tán.

Ọjọ́rú, 18 Òkúdù

Ìdánwò kékeré ní Físíìsì. Mo ya àwòrán Àyìnkẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìbéèrè. Irun rẹ̀ ti funfun ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹtì, 20 Òkúdù

Mọ́mì ti lọ ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ní ọjà Bọ́ládé, Ìyá Àgbà tó bí Dádì ń sùn. Mo ti wíńdò, mo wọ abẹ́ ìbora, mo ka orí kejì sínú fóònù. Nígbà tí mo jáde, òógùn ti rin mí gbingbin.

Orí yìí ni mo ń bẹ̀rù jù. Àyìnkẹ́ ti pé ẹni àádọ́ta ọdún. Oyèlékè ọkọ rẹ̀ ni télọ̀ omi: níbi tí omi bá ti ya lókè ìlú, òun ló máa ń fi abẹ́rẹ́ rán an kí ọ̀sà má baà dà lé wọn lórí. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ìka rẹ̀ wú, obìnrin yìí fi òróró ra á fún un. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè rẹ̀, fìtílà sì kú fúnra rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń ka ibi gèlè yẹn, etí mi gbóná. Tí Mọ́mì bá mọ̀ pé èmi ni mò ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sétí àwọn ẹgbẹ́ wọn ńkọ́?

Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ẹni àádọ́ta ọdún! Kí ni wọ́n ṣì ń wá?"

Obìnrin kan fèsì: "Ìwọ ọmọ kékeré yìí, pa ẹnu ẹ dé. Èmi ti lé ní àádọ́ta, Bàbá Ọpẹ́yẹmí ò tíì sọ fún mi pé ilé-ìwé ti parí."

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ náà dá sí i: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ara wọn jàre. Orí yìí dùn."

Orí yìí dùn. Mo dìde, mo fọ gbogbo abọ́ tó wà nílé, títí kan èyí tó mọ́.

Ìṣẹ́gun, 24 Òkúdù

Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú ìtàn mi kì í ṣe tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí bí ìṣe wọn, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Oríkì ilé Dádì ni, ti Ìsẹ́yìn. Mo gé orúkọ mi àti orúkọ ilé wa kúrò, mo sì máa ń fi ìyókù bẹ̀rẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan. Nínú ìtàn, Oyèlékè ló ń ki aya rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó bínú pé ohùn ìyá arúgbó ni. Wọ́n ní bí ohùn náà bá ti bẹ̀rẹ̀, orí àwọn máa ń wú.

Ìyá Àgbà rò pé mo gbà á sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ọ nígbà tí mo bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ lóòótọ́.

Ẹtì, 27 Òkúdù

Mo lá àlá pé Oyèlékè jókòó sí kọ́ridọ̀ wa, ó gbé ẹsẹ̀ lé ara wọn bí télọ̀, ó ń rán òjò. Òjò náà wà lórí orúnkún rẹ̀ bí aṣọ léèsì. Òwú tó kù lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò ju ìka kan lọ. Mo ní kí n bá a wá òmíràn. Ó ní, "Má dìde. Èyí máa tó."

Nígbà tí mo jí, mo mọ̀ pé ó máa kú.

Orí kẹta ti lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú gúrúùpù. Wọn ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Dátà tún ti gbówó lórí. Ibi tí a ti ń rà á ni mo ti sọ fún Motọ́lání.

"O fẹ́ pa ta ni?"

"Oyèlékè."

"Oyèlékè wo?"

"Òun náà."

Ó wò mí bí ẹni tí mo jí nǹkan rẹ̀. "Fàthíà, ṣé orí ẹ pé? Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá! Pa Àyìnkẹ́. Pa ọba ìlú. Pa Akíntáyọ̀ pàápàá, mo máa bá ẹ gbẹ́lẹ̀ ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò yí ọkàn padà. Ó ń yára rìn níwájú mi títí a fi dé géètì ẹ́sítéètì.

Ẹtì, 4 Agẹmọ

Òjò láti àárọ̀. Ó ti kú.

Ó wọ inú ibi tó ya lọ, nítorí láti inú nìkan ni wọ́n ti lè rán an pa. Nígbà tí omi pàdé, ó kù sí òdìkejì. Àyìnkẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara omi, òun náà gbé tirẹ̀ lé e láti ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo sọ pé, "Ọdún kan kọjá," mo sì gbé Àyìnkẹ́ lọ sọ́jà.

Ohùn Àyìnkẹ́ ló parí rẹ̀, ìyẹn ohùn tèmi: "Ó ti lọ. Ẹni tó ń kì mí láràárọ̀ ti dákẹ́." Mo wá jẹ́ kí ohùn Ìyá Àgbà tẹ̀lé e, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò gé nǹkan kan kúrò. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

"Ọmọ Ọ̀sà, ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Ọsibítù ni mo wà pẹ̀lú ọmọ mi. Ìtàn yìí ni mo fi ń gbàgbé. O wá lọ pa á."

Akíntáyọ̀: "Kò kú. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Òwú ò já."

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fi ohùn ránṣẹ́, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń fa ikun imú: "Mo ń sunkún níwájú kọsítọ́mà, ó rò pé èèyàn mi ló kú. Dá a padà. Ọdún kan kọjá, ọdún kan kọjá, níbo ló kọjá sí? Bí o ò bá dá a padà, mi ò gbọ́ mọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí ẹnì kan bá jáde, gúrúùpù máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Mo dùbúlẹ̀, mò ń wo àwọn orúkọ náà bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ, bí ìfóófó òkun. Orí kan ṣoṣo ló kù kí ìwé parí. Mi ò mọ ohun tí mo máa fi sí i.

Àìkú, 6 Agẹmọ

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àárọ̀ tán nígbà tí fóònù Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ ṣé o. Ẹ kú kí ni? Ta ló kú?" Wọ́n gbé e sílẹ̀, ó tún dún. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn. Ìyá Àgbà ló lọ ṣí i, pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

Àlàájà Ṣùkúrátù láti bílọ́ọ̀kù ọ̀ọ́kán ni, òun àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù wọn. Wọ́n ti bo orí, ojú wọn ti pọ́n. Bí Àlàájà ṣe rí ẹni tó ṣílẹ̀kùn, wọ́n pariwo "Lá ìláhà!", wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ dìde, ẹ jókòó sórí àga. Kí ló dé? Ta ló kú?"

Níkẹyìn èyí tó kéré jù nínú wọn ní, "Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi?" Ìyá Àgbà wo ara wọn láti òkè délẹ̀. "Nígbà wo?"

Ẹnì kan ló gé ìparí orí kẹrin, ó fi ṣọwọ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé gúrúùpù ẹbí wa ní Ìsẹ́yìn. Kí ni wọ́n gbọ́ níbẹ̀? Ohùn Fàthíà tó ń sọ pé ẹni tó ń ki òun láràárọ̀ ti dákẹ́, lẹ́yìn náà ohùn Ìyá Àgbà fúnra wọn, tí wọ́n ń pe oríkì ilé wa àti orúkọ mi. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ń túfọ̀ láyé ìsinsìnyí, wọ́n á jẹ́ kí a gbọ́ ohùn olóògbé. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Mọ́mì tan ohùn náà ní pálọ̀, níwájú gbogbo wọn. Nígbà tó parí, wọ́n yíjú sí mi. "Fàthíà. Ohùn ta nìyí?"

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: gúrúùpù, Ìwé Kìíní, Ìwé Kejì, Oyèlékè. Àlàájà Ṣùkúrátù ní, "Ìwọ ni Ọmọ Ọ̀sà? Ìwọ lo tú gèlè yẹn?" Mo gbàdúrà kí ilẹ̀ pálọ̀ là.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Bọ̀ọ̀dá Fàtáì, àbúrò Dádì, dé. Wọ́n ti kúrò ní Ìsẹ́yìn láti ìdájí, nítorí òkú tiwa kì í sùn nílẹ̀. Ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ wọn, aṣọ funfun ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n yọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí ìyá wọn tó ń fi àkàrà mu ògì. Wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n rọra yọ̀ wálẹ̀, wọ́n sì sunkún. Mi ò rí ọkùnrin tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn ẹkún ni ìbínú dé.

"Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bẹ awakọ̀ pé kó sáré. Mo ní kí n ṣáà bá ojú ìyá mi kí wọ́n tó bò ó. Ẹ̀yin ẹ wá ń fi ikú ṣeré níbí! Fàthíà, pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Kí n má gbọ́ orúkọ Oyèlékè kankan mọ́."

"Ẹ má bínú, sà."

Ìyá Àgbà na ọwọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n fi ìka tẹ aṣọ funfun náà wò. "Aṣọ dáadáa ni. Ẹ bá mi gbé e pamọ́." Ìyá Àgbà nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ajé, 7 Agẹmọ

Mọ́mì ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n bu oúnjẹ mi, wọ́n gbé e síbi tí mo ti máa rí i.

Ọjọ́rú, 9 Agẹmọ

Bọ̀ọ̀dá Fàtáì ti padà sí Ìsẹ́yìn, wọ́n ń pe Mọ́mì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti bèèrè bóyá mo ti pa á rẹ́. Mi ò tíì pa á rẹ́. Mo ti fọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀mejì, mo sì yọ ọwọ́ kúrò.

Motọ́lání ní, "Jí ọkùnrin yẹn dìde, parí ìwé ẹ, kí ariwo tán. Lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n bá ní o gbọ́dọ̀ pa á rẹ́, o kúkú ti parí ẹ̀."

Mo gbìyànjú. Mo jẹ́ kí Oyèlékè jáde látinú omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́, pẹ̀lú irun tútù, abẹ́rẹ́ láàárín eyín. Mo kà á fún Motọ́lání lórí àtẹ̀gùn. Ó pariwo, ó dì mọ́ mi, ó ní òun ti ń rí bí Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ á ṣe máa jó ní ṣọ́ọ̀bù.

Inú tèmi ò dùn. Oyèlékè tó jáde yẹn dà bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Àyìnkẹ́ dì mọ́ ọn, mo sì rí i pé òun náà mọ̀.

Ẹtì, 11 Agẹmọ

Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Gúrúùpù ń bèèrè. Òjò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ò rí bílọ́ọ̀kù ọ̀ọ́kán. Gbogbo ayé dín kù sí pálọ̀ wa.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Ìyá Àgbà tẹ́ ẹní, wọ́n fi oríkì mi pè mí. "Àníkẹ́, gbé òkú mi wá kí n gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin kọ́, mà. Ìtàn ni."

"Mo ní gbé e wá."

Mo tan án láti Ìwé Kìíní. Wọ́n dijú, tẹ̀sùbáà ń lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìka wọn. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, Mọ́mì ti ọjà dé, wọ́n gba inú kíṣìnì lọ láìwò wá. Nígbà tó kan ibi gèlè, mo fẹ́ sá. Ìyá Àgbà ní, "Hẹn-ẹn. Má dá a dúró." Nígbà tí omi pàdé, tí Oyèlékè kù sí òdìkejì, tẹ̀sùbáà dúró. Wọ́n lajú.

"Níbo ni wọ́n wá sin ín sí?"

"Ọdún kan kọjá, mà."

"Mo gbọ́ yẹn. Kí ọdún náà tó kọjá ńkọ́? Omi kì í gbé òkú pamọ́ títí. Nígbà tó gbé e padà, ta ló gbà á?"

Nínú kíṣìnì, Mọ́mì pa omi ẹ̀rọ.

Àbámẹ́ta, 12 Agẹmọ

Ìyá Àgbà ò bínú pé mo gba ohùn àwọn lò. Ohun mìíràn ló ń dùn wọ́n.

"Oríkì ilé wa lo fi ṣọ̀fọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá délé baba rẹ̀ lọ́run, wọn ò ní dá a mọ̀. Ọmọ ibo ni?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Kí ni wọ́n ń ṣe nílé wọn kó tó di pé wọ́n ń rán omi?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí ni wọn kì í jẹ?"

Mo mi orí.

"O sì pa á," ni Ìyá Àgbà wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ pé òjò ti dá.

Ó dùn mí ju gbogbo ohun tí gúrúùpù ti sọ lọ. Wọ́n ń bèèrè, mo ń wá a, mo ń dáhùn. Baba rẹ̀ ń ṣe àwọ̀n. Ìyá rẹ̀ láti orí ilẹ̀ ló ti wá, kò sì mọ omi wẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Wọn kì í jẹ ẹja tó bá bọ́ láti inú àwọ̀n tó ya. Mò ń sọ ọ́, ó ń yà mí lẹ́nu pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà gbé e yẹ̀wò lẹ́nu, wọ́n tún un ṣe, wọ́n yọ èyí tí kò dùn. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti di báyìí:

Oyèlékè Àlàó, ọmọ afòwú rán odò.
Abẹ́rẹ́ kì í dógùn-ún nílé baba rẹ̀.
Ẹ̀yin lẹ ya omi, ẹ ní ẹja ló ya á;
ẹ ya á tán, ẹ wá ń bi ọmọ alábẹ́rẹ́ bóyá ó ti jẹun.
Kò tíì jẹun. Ojú omi ṣì là sílẹ̀.

Ìyá Àgbà ní, "Ó dáa. Ní báyìí, ó ti lè kú."

Àìkú, 13 Agẹmọ

Mọ́mì ń ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí wọ́n máa gbé lọ sọ́jà. Mo di igun kejì mú láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. A ká mẹ́ta, mẹ́rin. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé o ti kọ ibi ìsìnkú náà?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́, mà. Mi ò dé ibi tí wọ́n ti ń sìnkú rí."

Wọ́n di aṣọ náà mú láìká a. Nígbà tí Dádì kú, bọ́dìn ni mo wà, à ń ṣe WAEC. Wọ́n jẹ́ kí n kọ bébà ọjọ́ náà tán kí wọ́n tó wá mú mi. Nígbà tí mo dé ilé, wọ́n ti fọ àwo tí àlejò fi jẹun.

Mọ́mì ní, "O ò bèèrè. Mo rò pé o ò fẹ́ gbọ́ ni."

"Èmi náà rò pé ẹ ò fẹ́ sọ ọ́ ni, mà."

A jókòó sáàárín aṣọ. Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, àwọn ọ̀dọ́ bílọ́ọ̀kù lọ pọn ọ́n. Garawa pupa tí mo kọ́kọ́ mú lọ bọ́dìn, èyí tí a fi ọ̀dà kọ orúkọ mi sí lára, òun ni àwọn ààfáà fi bu omi tí wọ́n fi wẹ Dádì. "Orúkọ ẹ ni mo tẹjú mọ́ tí mi ò fi ṣubú. Má sọ mọ́ pé o ò sí níbẹ̀."

Obìnrin kì í bá wọn dé ibojì. Mọ́mì dúró sójú wíńdò títí mọ́tò fi yí kọ́nà. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Bọ̀ọ̀dá Fàtáì ló mọ̀ ọ́n." Wọ́n tẹ nọ́ńbà, wọ́n na fóònù sí mi.

"O ti pa á rẹ́?"

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìsìnkú Dádì ni mo fẹ́ bi yín."

Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn wọn.

"Èmi ni mo wọ inú ilẹ̀ lọ gbà wọ́n," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n mi wúwo. Mo gbé wọn lé ọ̀tún, mo kọjú wọn sí gábàsì, mo tú aṣọ níbi orí. Ilẹ̀ yẹn tutù, Fàthíà. Òkè gbóná bí ààrò, ìsàlẹ̀ tutù bí ara àmù. Mo rò ó pé wọ́n á rí oorun sùn. Mi ò fẹ́ jáde mọ́. Ìmáàmù ló fà mí lọ́wọ́." Wọ́n lé adìyẹ kan lọ. "Ṣé inú ìtàn ẹ lo máa kọ ọ́ sí?"

"Tí ẹ bá gbà, sà. Tí ẹ ò bá gbà, mo máa pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lónìí."

"Kọ ọ́. Àmọ́ má kánjú níbi tí a ti ń bu iyanrìn sí wọn. Wọ́n máa ń kánjú níbẹ̀."

Ọjọ́rú, 16 Agẹmọ

Mo gba máàkì tí kò dáa nínú Físíìsì. Ó yẹ kí n sunkún. Mò ń kọ̀wé. Àjíǹde ọjọ́sí, mo ti yọ ọ́ kúrò. Omi gbé Oyèlékè padà lọ́jọ́ kẹta, àbúrò rẹ̀ sì wọ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà lọ gbà á. Mi ò kánjú.

Ẹtì, 18 Agẹmọ

Ìyá Àgbà fúnra wọn ló ki oríkì náà sínú fóònù. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n lọ bẹ bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. "Sọ fún wọn pé òkú ń kọjá." Bàbá pa á. Gbogbo bílọ́ọ̀kù dákẹ́, omi òjò tó kù ń kán láti òrùlé.

Níwájú orí náà, mo sọ ọ́ kedere: "Ìtàn ni èyí o. Ìyá tó ń ki oríkì wà láàyè, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́." Mo fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Mo rí i pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Motọ́lání sọ̀ kalẹ̀ wá láti ilé wọn, ó jókòó tì mí. Mọ́mì ti tètè ti ọjà dé. Wọ́n wà ní yàrá, mo ń gbọ́ ohùn mi láti abẹ́ ilẹ̀kùn, bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ ọ́ lábẹ́ omi. Ó dé ibi iyanrìn. Mọ́mì ò pa á.

Akíntáyọ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀wé: "Ó ti kú lóòótọ́ nìyẹn." Ẹnì kan bínú jáde. Lẹ́yìn náà, ìyá tó wà lọ́sibítù ní ọmọ òun ń sùn, òun ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó pẹ́ kí Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ tó dé. "Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa kí n lè dá gbọ́ ọ. Mo ṣì ń bínú sí ẹ, Ọmọ Ọ̀sà. Ó dàrìnnàkò, Oyèlékè Àlàó. Ó dojú àlá."

Ẹlòmíràn kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀: Ó dàrìnnàkò. Ẹlòmíràn tún kọ ọ́. Àwọn tí mi ò gbọ́ ohùn wọn rí ń jáde wá láti ìsàlẹ̀ gúrúùpù, Ó dojú àlá, Ó dojú àlá, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èèyàn ṣe máa ń bu iyanrìn.

Mo dúró títí ó fi kàn mí. Mo kọ tèmi sí ìsàlẹ̀ tiwọn: Ó dàrìnnàkò, Dádì. Ó dojú àlá.